Bí Mo Ṣe Ṣìnà Dé Ilé Oògùn Ọtí ní Kàdúná

Bọ́lẹ̀kájà tó ń ná Ìlọrin kì í dúró de ẹni tó ń wá fìlà. Ìdí nìyí tí àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ fi máa ń fi fìlà sùn bí ìrìn àjò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo gun ọkọ̀. Ọyẹ́ ń gbá wa létí, mo fi láwànì wé orí àti etí pọ̀, mo di tẹ̀sùbáà mi mú, ọkọ̀ sì gbéra.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi kò dùn mọ́ mi. Làmídì, ọmọ àbúrò mi tó ti di olóògbé, ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ìhunṣọ ní Kàdúná, ọtí sì ti fẹ́ẹ̀ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣífáwù, ìyàwó rẹ̀, ti ránṣẹ́ sílé pé bí ààwẹ̀ bá fi lè bá ọkọ òun lẹ́nu ọtí, òun yóò kó àwọn ọmọ òun lọ sílé bàbá òun ní Ọ̀fà, òun kò sì ní padà. A ṣe ìpàdé ẹbí. Gbogbo wọn fẹnu kò pé kí n lọ mú un wálé, tìfẹ́ tìkọ̀. Ọkùnrin kan wà lábúlé kan lẹ́yìn ìlú wa tó máa ń gba àwọn ọ̀mùtí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kí n mú un lọ. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ló fi ń dè wọ́n mọ́ igi pẹ̀lú àwọn wèrè, ẹnikẹ́ni kì í sì í béèrè ohun tó ń fún wọn mu. Mo ti rí ẹni tó ti ibẹ̀ dé. Kò mutí mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ mọ́ náà. Síbẹ̀, ìyá Làmídì kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Bàbá wa, ẹ má dá nìkan padà." Mo ní n kò ní dá nìkan padà.

Ṣílè kan àti sísì ni mo san dé Ìlọrin, níbi tí mo ti wọ rélùwéè, kíláàsì kẹta, níbi tí orí igi ìjókòó ti ń kọ́ ìdí lẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí a dé Jẹ́bà, ọkọ̀ rọra ń yọ́ kọjá lórí afárá Odò Ọya bí ìyàwó tuntun tó ń kọjá níwájú àna. Àwọn obìnrin gbé ẹja yíyan wá sí ojú fèrèsé, tọ́rọ́ kan ni èyí tó tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Lẹ́yìn Mọ́kwà, ilé yí padà mọ́ wa lójú. Nílé, òrùlé páànù wa á fara kan ti aládùúgbò, bí ẹnìkan bá sín ní yàrá, ẹni kejì á kí i. Àwọn ahéré tí mo ń rí yìí fi koríko dé ṣóńṣó, oko ọkà bàbà sì wà láàárín ilé sí ilé.

Obìnrin kan jókòó kọjú sí mi, wọ́n ń pè é ní Ìyá Rábì. Obì ló ń rà lọ́dọ̀ wa tó ń tà fún àwọn ará òkè. Ó wò mí títí, ó ní:

"Bàbá, ojú yín kò jọ ti ẹni tó ń lọ jẹ ìsọmọlórúkọ."

"Ọmọ ni mò ń lọ mú ní Kàdúná."

"Obìnrin ló gbé sálọ ni?"

"Ìbá ṣe obìnrin, ǹ bá rẹ́rìn-ín. Ọtí ni."

"Ọtí! Ẹ wá fẹ́ gbé e kúrò níbi tí oògùn rẹ̀ wà?" Ó pàtẹ́wọ́. "Bàbá, ilé oògùn ọtí wà ní Tudun Wada níbẹ̀. Àbúrò ọkọ mi wọ ibẹ̀ bí òkú, ó jáde bí ènìyàn. Bí ẹ bá ti sọ̀ ní téṣàn, ẹ ní kí wọ́n gbé yín lọ sí *gidan maganin giya*, ti Málàm Sàláù ará Ìlọrin."

Ó kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ kéú. *Gida* ni ilé, *magani* ni oògùn, *giya* ni ọtí. Ó sọ̀ kalẹ̀ ní Mínà, ó ju obì méjì sí mi lọ́wọ́. Láti Mínà ni mo ti ń pe ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹnu àgbà kì í gbé Hausa púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó yá, mo bi ara mi pé kí ni ọ̀rọ̀ àárín yẹn tilẹ̀ ń ṣe níbẹ̀? Ilé ni mò ń wá, ọtí ni ọ̀rọ̀ wa. Mo mú ti ìbẹ̀rẹ̀, mo mú ti ìparí, mo ju ti àárín síta láti ojú fèrèsé.

Oòrùn ọjọ́ kejì ti yẹ̀ àtàrí nígbà tí a dé Kàdúná. Ẹ̀yin ará ilé, ìlú náà fẹ̀, igi máńgòrò àti dongoyárò tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, eruku ọyẹ́ sì bo gbogbo rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ku èlùbọ́ sí i lára. Dírẹ́bà takisí kan sáré bá mi.

"*Sannu*, Málàm. *Ina za ka?*" Ìyẹn ni pé ẹ kú ìrìn, níbo lẹ̀ ń lọ?

Mo dá a lóhùn gbangba: "*Gidan giya!*"

Ó wo láwànì mi. Ó wo tẹ̀sùbáà ọwọ́ mi. "*Gidan giya?* Ìwọ, Málàm?"

Mo rò pé kò gbọ́ dáadáa ni. Mo gbé ohùn sókè, mo sì fi èyí tí mo mọ̀ dájú kún un: "*Gidan giya! Da sauri!*" Kíákíá nìyẹn.

Ó mirí. Ó ní, "*Allah ya kyauta.*" Mo rò pé àdúrà ìrìn àjò ni. Mo ṣe àmín sí i tọkàntọkàn. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ohun tí ènìyàn ń wí nìyẹn bí ó bá rí ohun tó bani nínú jẹ́.

Makera ló gbé mi lọ, àdúgbò tó wà nítòsí ilé iṣẹ́ ìhunṣọ. Ó já mi sílẹ̀ lẹ́nu ọgbà kan tí wọ́n fi ẹní koríko yí ká. Mo wọlé, mo rí ìkòkò ńláńlá lórí iná, èéfín ń rú, àwọn ọkùnrin jókòó lórí àga gbọọrọ, oníkálukú pẹ̀lú igbá lọ́wọ́. Mo ní nínú mi pé, Alhamdulillahi, àgbo rèé. Obìnrin kan tó sanra dáadáa ń fi kèrègbè bu ún fún wọn. Mo kí i pé, "Ẹ kú ìtọ́jú àwọn aláìsàn o."

Ó dúró, ó wò mí. Yorùbá ló fi dá mi lóhùn, ó ti bá àwọn ará wa gbé pẹ́ ní Mínà. "Aláìsàn wo, Bàbá?"

"Àwọn wọ̀nyí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lò ó?"

"Òmíràn ti ń lò ó láti ọjọ́ tí mo ti ṣí ilé."

"Ṣé ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́?"

"Bàbá, kò tíì ran ẹnì kan ṣoṣo lọ́wọ́."

Ẹ̀rín bú sílé. Ọmọkùnrin kan tí ó jọ pé láti ibi iṣẹ́ ló ti wá dìde, ó na ìka sí mi. "Ẹ wo imú! Imú Làmídì gan-an nìyí! Bàbá Làmídì ti dé láti ilé! Laraba, bù ú kún fún Bàbá, èmi ni mo gbàlejò!"

Ìgbà yẹn ni òórùn náà tó wọ imú mi. Búrùkùtù ni, ọtí tí wọ́n ń fi ọkà bàbà ṣe, ó jọ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ilé wa, àfi pé òun ki jù ú lọ. Èmi, tí mo ń ṣíwájú ìrun ní mọ́sálásí àdúgbò wa, mo jókòó tẹ̀sùbáà-tẹ̀sùbáà sí àárín ilé ọtí, mo ń bèèrè bóyá ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́!

Laraba fi ìdí aṣọ nu ojú, nítorí ẹ̀rín ti mú omi jáde níbẹ̀. Ó jókòó tì mí. "Bàbá, ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ kan nù lọ́nà. *Gidan magani* lẹ̀ ń wá. Èmi ni mò ń ta àìsàn, Málàm Sàláù ló ń tọ́jú rẹ̀. A kì í jà. Bí kò bá sí òun, àwọn oníbàárà mi á ti kú tán." Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ gbé Làmídì lọ síbẹ̀. Àwọn tó kù, bí wọ́n bá mu, wọ́n á kọrin. Tirẹ̀, ẹkún ló máa ń sun. N kò fẹ́ràn oníbàárà tó ń sunkún."

Òun fúnra rẹ̀ ló pe ẹni tó júwe ọ̀nà fún mi. Ẹ̀yìn Kasuwan Barci ní Tudun Wada ni ilé náà wà. *Kasuwa* ni ọjà, *barci* ni oorun. Ọjà oorun ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ariwo ibẹ̀ kì í jẹ́ kí ọmọ ọwọ́ sùn. Mo bá Málàm Sàláù níwájú ilé lórí ẹní, ó ń fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sí fìlà. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Lẹ́yìn ìkíni, mo lọ tààrà sí ọ̀rọ̀.

"Oògùn dà, Málàm?"

"Ẹ jókòó, ẹ ó rí i."

Nígbà tí a kí ìrun Alásàrì tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dé, ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjìméjì: òṣìṣẹ́ rélùwéè, alápatà, ẹnìkan tó ń tẹ búrẹ́dì. Oníkálukú bọ́ bàtà, ó mú fìlà tí kò tíì parí lórí ìṣó, ó jókòó. Wọ́n gbé kúnú wá, ìyẹn ògì jéró tí wọ́n fi ata ilẹ̀ sí, pẹ̀lú *kosai*, tó jẹ́ àkàrà gan-an, àfi orúkọ. Wọ́n ń rán, wọ́n ń mu, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́.

Sàláù ní, "Bàbá, láàárín Alásàrì sí Ìṣáì ni ọtí máa ń pe ènìyàn. Iṣẹ́ ti parí, ara ti rẹ̀, ọ̀fun gbẹ. A kàn ń jókòó ti ara wa, kí ó máa pè títí tí yóò fi sú u. Bí Ìṣáì bá parí, ẹnìkan á sin ẹnìkan délé. Èmi náà, bí wọ́n ṣe jókòó tì mí nìyẹn."

"Fìlà ńkọ́?"

"Ẹni tí ọtí ń gbọ̀n kò lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Àwa la máa ń bá a ki òwú. Ọjọ́ tó bá ki òwú bọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, gbogbo ilé á mọ̀." Ó wò mí. "Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Ẹni tó ti mu ún pẹ́, a kì í ní kó já a lójijì nínú ilé. Gìrì lè mú un, ó sì lè pa á. Ọsibítù ni a ó kọ́kọ́ mú un lọ, dókítà ni yóò sọ ìgbà tó lè wá bá wa. Ohun kejì: a kì í wọ́ ènìyàn wọ ibí. Ẹ lè mú un dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò gbé e wọlé."

Ọ̀rọ̀ kejì yìí ló bà mí lẹ́rù. Wíwọ́ gan-an ni wọ́n rán mi.

Mo padà sí Makera, sí yàrá Làmídì. Ṣífáwù kúnlẹ̀ kí mi. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kékeré sá jáde, ó ní, "*Sannu, Baba!*" Ọmọ wa, Hausa ló fi kí mi! Àpótí aṣọ wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti fi okùn dì í. N kò béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

Kò pẹ́ tí Làmídì wọlé. Ó ti gbẹ, ẹyin ojú rẹ̀ pupa. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí n ó bá a sọ jọ sẹ́nu, èyí tó le àti èyí tó rọ̀. Ṣùgbọ́n ó dọ̀bálẹ̀, kò dìde, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni!

"Bàbá," ó ní, "wọ́n ní ẹ jókòó sílé Laraba. Wọ́n ní ẹ bèèrè bóyá ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ta ni kò sọ fún mi? Láti ẹnu géètì ibi iṣẹ́ dé ibí. Wọ́n ní láwànì yín funfun báláú láàárín wọn." Ẹ̀rín tún gbé e lọ. Ṣífáwù náà yíjú sí ògiri, ó ń fi ìborùn bo ẹnu.

Mo ní, "Ẹ rẹ́rìn-ín tán. Ọ̀la, n ó tún kọjá níbẹ̀."

Ẹ̀rín rẹ̀ dá. "Kí lẹ ń wá lọ síbẹ̀?"

"Ibẹ̀ ni ọ̀nà ilé Málàm Sàláù gbà."

"Mo mọ ilé náà, Bàbá. Mo ti dé ìkángun rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo padà. Àwọn ará Ìlọrin ń kọjá níbẹ̀ lọ sí mọ́sálásí. Bí wọ́n bá rí mi tí mo wọ ibẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé ọ̀mùtí ni mí. Ojú ń tì mí."

"Làmídì, wọ́n ti mọ̀. Wọ́n sì ti mọ̀ pé bàbá rẹ náà dé ilé Laraba kó tó dé ilé rẹ. Ìtìjú wo ló tún kù tí wọ́n fẹ́ fi kàn wá tí wọn kò tíì fi kàn wá? Bá mi rìn. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, èmi ni wọ́n ń rín."

Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn iṣẹ́, ó jáde wá bá mi níwájú ilé, ó ti wẹ̀, ó ti wọ dàńṣíkí mímọ́. A jọ kọjá níwájú ọgbà Laraba. Wọ́n rí láwànì mi.

"Bàbá, ẹ ti padà! Ṣé ti àná kò tó ni?"

Mo dáhùn pé, "Mo wá wo ọ̀rọ̀ tí mo sọ nù ni!"

Ẹ̀rín wọn sin wá dé kọ̀rọ̀, Làmídì náà ń rẹ́rìn-ín. Ó juwọ́ sí Laraba, ó ní, "*Sai an jima*," bí wọ́n ti ń sọ pé ó dìgbà. Obìnrin náà kígbe láti ìdí ìkòkò rẹ̀: "Rárá o! Má kí mi pé ó dìgbà! Kò dìgbà kankan!"

Lẹ́nu ọ̀nà Sàláù, Làmídì dúró. Mo jáwọ́ lára rẹ̀. Wọ́n rí i láti inú ilé, ẹnikẹ́ni kò pè é, wọ́n kàn sún mọ́ra díẹ̀ lórí ẹní, àyè ẹnìkan sì ṣí sílẹ̀. Àwọn tó ń lọ sí mọ́sálásí ń kọjá lẹ́yìn wa. Ọ̀kan kí mi, mo kí i. Nígbà tí mo yíjú padà, bàtà Làmídì nìkan ni mo rí lẹ́nu ọ̀nà.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Sàláù àti èmi mú un lọ sí ọsibítù. Ọjọ́ tó lò níbẹ̀ kò rọrùn: ó gbọ̀n, ó làágùn, ó ń rí àwọn tí kò sí níbẹ̀. Mo dúpẹ́ pé kì í ṣe ìdí igi lábúlé ni irú rẹ̀ ti bá a. Nígbà tí dókítà jọ̀wọ́ rẹ̀, ó wá sórí ẹní pẹ̀lú àwọn yòókù, wọ́n gbé fìlà kan lé e lọ́wọ́.

N kò ní tan yín jẹ. Ọjọ́ owó oṣù, kò wá. Mo mọ ibi tó wà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ó yọ, ó doríkodò. Sàláù kò bi í léèrè kankan, ó mú fìlà rẹ̀ lórí ìṣó fún un. Mo pe Sàláù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní kí ni irú àkẹ́bàjẹ́ yìí. Ó ní, "Bàbá, ẹni tó ṣubú lọ́nà oko, ṣé wọ́n ń ní kó padà lọ bẹ̀rẹ̀ láti ilé? Ibi tó ti dìde náà ni yóò ti máa lọ." Láti oṣù tó tẹ̀ lé e, alápatà àti Ṣífáwù ló máa ń dúró dè é lẹ́nu géètì lọ́jọ́ owó, tọ̀tún tòsì, bí ẹni ń sin ọkọ ìyàwó.

Ọjọ́ tó ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀, n kò tilẹ̀ rí i. Ariwo ilé ni mo gbọ́. Alápatà ń jó. Nígbà tí mo dé yàrá wọn lálẹ́ ọjọ́ náà, àpótí ẹnu ọ̀nà ti kúrò, aṣọ àwọn ọmọ ti wà lórí okùn.

Ààwẹ̀ ku díẹ̀ nígbà tí mo wọ rélùwéè padà. Ọ̀nà kan náà ni, ẹja Jẹ́bà ṣì jẹ́ tọ́rọ́ kan. Ṣùgbọ́n ìlérí tí mo ṣe nílé wúwo ju ẹrù mi lọ. Nígbà tí mo sọ̀ ní gáréèjì Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá Làmídì ti wà níbẹ̀. Kò wo ojú mi, ẹ̀yìn mi ló ń wò.

"Òun dà?"

"Ó wà níbi iṣẹ́ rẹ̀."

"Bàbá wa, ẹ ní ẹ kò ní dá nìkan padà." Àwọn ènìyàn ti ń yíjú. "Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọtí."

Mo mú un jókòó sórí àpò gààrí kan, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ilé Laraba. Kò rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Ó ti sàn?"

Ẹnu mi fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ìyẹn ni ìbá mú inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ́ lórí ẹní Sàláù kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Mo ní, "Ìyàwó, n kò lè ní ó ti sàn. Ó *ń* sàn. Lójoojúmọ́, láti Alásàrì, ó ń sàn. Ibi tó ti ṣàìsàn ni àwọn tó ń bá a sàn wà. Ká ní mo já a kúrò láàárín wọn, ẹran ara rẹ̀ nìkan ni ǹ bá mú wá fún ọ."

Ó ń pe ọ̀rọ̀ náà lábẹ́nu, ó ti sàn, ó ń sàn, bí ẹni ń fi ọwọ́ méjèèjì wọn ẹrù. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbọn eruku ìdí rẹ̀, ó lọ bá dírẹ́bà tó ń kó èrò Ìlọrin.

Mo sáré tẹ̀ lé e. "Ìyàwó, mo ní kí a má mú un wá!"

"Mo gbọ́ yín, Bàbá wa," ó ní, kò sì wẹ̀yìn. "Dírẹ́bà, ẹ fi àyè kan sílẹ̀ fún mi lọ́la. Mo ń lọ kí ọmọ mi ni. N kò lọ mú un."